Ẹsẹ̀ Wa Ló Rìn Ín, Èkó Ló Ni Ín

Ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án ààbọ̀ náírà ni wọ́n ń ta bàtà òjò nínú ọjà Ìdànrè lọ́dún tí mo ra tèmi. Mo fẹ́ san méje. Obìnrin tó ń tà á wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní kí n máa fi sálúbàtà wọ inú igbó, bí ejò bá bù mí ṣán, òun á gbé ọsàn wá kí mi. Mo yí padà, mo ń lọ. N ò tíì kọjá ìsọ̀ kẹta tó fi pariwo lẹ́yìn mi: "Ìyá oníkòkó, ẹ mú mẹ́jọ wá, ẹ má jẹ́ á jà!" Mo san mẹ́jọ. Bí wọ́n ṣe ń rajà nìyẹn. Ẹni tó bá mọ ọjà á rà, ẹ̀yìn ló fi ń ná an, kì í ṣe ẹnu.

Èmi tí mò ń sọ yìí kì í lọ sóko. Òǹra-kòkó ni mí. Kòkó ló ń wá bá mi. Bàbá mi ló fi ìwọ̀n lé mi lọ́wọ́ kí n tó mọ ìwé kà tán. Ìwé mẹ́rin ni mo kà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ìkarùn-ún, ìsọ̀ ni mo ti kà á. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò dé iwájú mi, màá ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, màá fọ́ hóró kan létí. Bí kò bá dún kẹ́kẹ́, mo mọ̀ pé kò tíì gbẹ, màá sì sọ fún un pé kí ó gbé ọbẹ̀ rẹ̀ padà lọ sílé. Wọ́n ń bẹ̀rù ẹnu mi ju ìwọ̀n mi lọ. Wọ́n sì ní ìdí láti bẹ̀rù ìwọ̀n náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ la wá sọ.

Ẹni tó sọ mí di arìnko ni ọkùnrin kan tó wá láti Èkó, tó so táì mọ́rùn bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fà lọ sọ́jà. Ó kó gbogbo àwa tí à ń ra kòkó jọ sí gbọ̀ngàn kan ní Aládé, ó fún wa ní mínírà tútù kọ̀ọ̀kan, ó ní àwọn òyìnbó tó ń jẹ kòkó wa ti búra pé àwọn ò ní jẹ ẹ́ mọ́ bí wọn ò bá mọ oko tó ti wá, kó má lọ jẹ́ pé igbó ọba la gé lulẹ̀. Nítorí náà, a ó máa fẹsẹ̀ rìn yí oko àgbẹ̀ kọ̀ọ̀kan ká, fóònù á wà lọ́wọ́ wa. Bí a bá dé igun, a ó tẹ̀ ẹ́. Bí a bá yí i ká tán, fóònù á ya àwòrán oko náà. Àpò kòkó tí oko rẹ̀ ò bá sí nínú fóònù, ọkọ̀ kankan ò ní gbé e. Ilé-iṣẹ́ tirẹ̀ ló ni áàpù tó ń yà á. Ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún náírà lọ́dún.

Mo dìde. Mo ní, "Tí mo bá fi ẹsẹ̀ mi rìn ín, tí mo fi fóònù mi yà á, tí mo tún wá fún yín lówó lé e, ta ló ni àwòrán?"

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. "Ẹ̀yin náà ni, Mọ́mì. Ẹ̀yin lẹ yà á."

Mo jókòó. Kí áàpù náà tó ṣí, ó kọ́kọ́ da Gẹ̀ẹ́sì sílẹ̀ fún wa ná. Mo fi àtàǹpàkò tì í lọ sókè, ó ń bọ̀. Mo tì í, ó ń bọ̀. Ó gùn ju wáàsù lẹ́mọ́mù tó rí máíkì gbà lọ. Nísàlẹ̀ pátápátá ni wọ́n kọ ọ́ sí pé mo gbà. Mo tẹ̀ ẹ́. Gbogbo wa la tẹ̀ ẹ́, títí kan tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì ju àwọn tó ni ín lọ.

Oko tí n ò lè gbàgbé nínú gbogbo èyí tí mo rìn ni ti baba kan tí òun àti bàbá mi ti jọ ń ṣòwò kí wọ́n tó bí mi. Abẹ́ àpáta ló wà, lọ́nà Atosin, odò kékeré kan sì là á kọjá. Baba ń lọ níwájú pẹ̀lú àdá, èmi ń tẹ̀lé e nínú bàtà tó ń fa ẹrẹ̀ mu, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn, ó ń fi ìrìn mi rẹ́rìn-ín. Èdè Ìdànrè pọ́ńbélé ni baba ń sọ. Mo kọ ọ́ bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ ni, kí ará ibòmíràn má baà rò pé à ń bú òun.

"Ṣé fóònù yìí rí pèrègún ààlà mi yẹn?"

"Kò rí pèrègún, baba. Èmi ló rí i. Ibi tí mo dúró sí ló mọ̀."

"Ta ló sọ fún un?"

"Àwọn kan wà lójú ọ̀run tí wọ́n ń wò wá."

"Áńgẹ́lì?"

"Áńgẹ́lì òyìnbó."

Ó rò ó lọ, ó rò ó bọ̀. "Tiwa kì í gbowó," ló wí, ó sì gé ẹ̀ka kan kúrò lọ́nà.

Nígbà tí a dé etí odò, mo rò pé a ti dé ààlà. Baba ò dúró. Pẹ̀lú gbogbo ọjọ́ orí rẹ̀, ó fo omi kọjá, ó ní kí n máa bọ̀. "Odò kọ́ ni ààlà. Ìdí àpáta ni. Àbúrò mi á sọ fún ọ pé odò ni. Ọbàkan mi ni, bàbá kan ló bí wa, ṣùgbọ́n irọ́ tirẹ̀ ò wá láti ọ̀dọ̀ bàbá wa." Pèrègún mẹ́rin ló wà nídìí àpáta náà, bàbá wọn ló gbìn ín. Ilẹ̀ tó wà láàárín odò àti àpáta kò tó nǹkan lójú mi, àmọ́ ibẹ̀ ni kòkó tó dára jù nínú oko náà wà, nítorí ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Baba ní ìyàwó òun ni òun fi apá ibẹ̀ fún. Obìnrin ni gbogbo ọmọ tí wọ́n bí, wọ́n sì ti relé ọkọ. Òun ò fẹ́ kí ìyàwó òun máa tọrọ iyọ̀ lẹ́yìn òun. Ó fọwọ́ kan pèrègún kọ̀ọ̀kan, mo tẹ fóònù nídìí ọ̀kọ̀ọ̀kan. A yí i ká tán, oko jáde lójú fóònù ní àwọ̀ ewé, ó rí gbọọrọ, òkè rẹ̀ ṣe róbótó.

"Kí ni èyí jọ?" ni baba wí.

Ìyàwó rẹ̀ na ọrùn wò ó. "Ó jọ etí yín."

A rẹ́rìn-ín títí baba fi jókòó sílẹ̀.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ kí n sọ ìwà kan tí àwa òǹra-kòkó ní. A máa ń jà lórí oníbàárà bí ajá àti ológbò, a kì í sọ̀rọ̀ ara wa ní rere, ṣùgbọ́n a kì í fi irinṣẹ́ du ara wa. Bí ìwọ̀n mi bá bàjẹ́ nígbà tí kòkó ń wọlé, ti ìsọ̀ kejì ni màá lọ gbé. Tapólì tí mo fi ń sá kòkó ti rin Ìdànrè ju ọlọ́kadà lọ. Ẹni tó bá ní ìwọ̀n tí kò yá ẹnìkejì, orúkọ tí a ó sọ ọ́, ọmọ ọmọ rẹ̀ á jẹ ẹ́. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ra kòkó ní Atosin wá sọ pé òun ò tíì rí ẹgbẹ̀rún mẹ́rìnlélógún san lórí áàpù náà, n ò jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Mo fún un ní nọ́ńbà mi àti nọ́ńbà àṣírí tí mo fi ń ṣí i, ó tẹ̀ ẹ́ sínú fóònù tirẹ̀, ó ṣí fún un wàí. Mo jókòó, mo ń wò ó bí ìyanu. Bí mo bá yá ènìyàn ní ìwọ̀n, n ò ní rí i lò títí á fi gbé e padà. Èyí, ó ń lò ó ní Atosin, mò ń lò ó níbí, kò sì dín. Mo ní irú ọjà báyìí ló yẹ kí Ọlọ́run ti dá láti ìbẹ̀rẹ̀: ọjà tí ènìyàn yá aládùúgbò tí kò kúrò nílé.

Baba kú nínú òjò ọdún kejì. Ó ní èjìká ń ro òun. Kí wọ́n tó rí ọkọ̀ gbé e dé Àkúrẹ́, ó ti tán. Kò tíì pé ogójì ọjọ́ tí ọbàkan rẹ̀ fi kó àwọn lébìrà wọ oko. Ó hú pèrègún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó na okùn sí etí odò, ó ní ibẹ̀ ni ààlà. Ìyá, ìyẹn opó baba, ké lọ bá àwọn àgbà ẹbí. Wọ́n dá ọjọ́ Sátidé, wọ́n ní kí tọ̀tún-tòsì mú ẹ̀rí wá.

Ọjọ́ Mọ́ńdè ló dé ìsọ̀ mi. Kò jókòó.

"Ẹ̀rí wo ni n ó mú? Pèrègún ti di igi ìdáná."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ẹsẹ̀ baba fúnra wọn ló wà nínú fóònù yìí. Ṣebí ẹ̀yin lẹ ní ó jọ etí wọn."

"Àwọn àgbà ní bí àwọn bá ti rí i, ọ̀rọ̀ tán."

Mo ṣí i níwájú rẹ̀. Ó ti tó oṣù méjì tí mo ti ṣí i kẹ́yìn, nítorí kì í ṣe àsìkò kòkó. Ọ̀rọ̀ pupa ló jáde. Mo tún un tẹ̀, pupa. Mo ka ìwọ̀nba tí mo lè kà: wọ́n ti tì í pa. Mo wo ojú ìyá, mo ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo pe ilé-iṣẹ́ náà. Ọmọbìnrin kan ló gbé e, ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù.

"Mọ́mì, kọ́ńpútà wa rí i pé ẹ wà ní Ìdànrè àti Atosin ní ìṣẹ́jú kan náà. Ọ̀pọ̀ ìgbà."

"Àjẹ́ ni mí."

"Mọ́mì?"

"Mo yá ọ̀rẹ́ mi ni."

"Ẹ ò láṣẹ láti yá ẹnikẹ́ni, Mọ́mì. Ó wà nínú àdéhùn tí ẹ tẹ̀."

"Owó mi ni mo fi rà á."

"Ẹ ò rà á, Mọ́mì. A kàn gbà yín láàyè kí ẹ máa lò ó ni. Ilé-iṣẹ́ ló ni ín."

"Ó dáa. Ẹ mú áàpù yín. Ẹ fún mi ní àwòrán oko mi."

"Àwòrán náà, ilé-iṣẹ́ ló ni ín."

"Ta ló rìn ín?"

"Ẹ̀yin ni, Mọ́mì."

"Ta ló ni oko?"

"Mi ò mọ̀ o, Mọ́mì."

"Òkú ló ni ín. Ẹ sọ fún ilé-iṣẹ́ yín pé òkú ń béèrè ilẹ̀ rẹ̀."

Mo gbọ́ tó ń tẹ nǹkan. Ó ní bí mo bá fẹ́ kí wọ́n ṣí i, kí n san ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún náírà: owó ẹni kejì tó lò ó, owó ìtanràn, àti owó ṣíṣí. Bí mo bá san án lónìí, á ṣí lọ́la.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì," ni mo wí.

"Mọ́mì, kì í ṣe ohun tí à ń ná."

"Kò sí ohun tí a kì í ná. Ó di márùndínláàádọ́ta."

"Kọ́ńpútà ló gbé iye yẹn jáde, Mọ́mì."

"Nígbà náà, ẹ máa wá ẹlòmíràn tó máa ra oko òkú lọ́wọ́ yín." Mo sì pa fóònù.

Owó náà wà nílé o. Kí n má purọ́. Ẹgbẹ̀rún márùndínláàádọ́rùn-ún wà nínú àpótí mi lọ́jọ́ yẹn, ó sì ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ta ló ń san iye tí wọ́n kọ́kọ́ pè? Mo ti kọ ẹ̀yìn sí i, ó kù kó pè mí padà. Mo gbé fóònù lé orí àpò kòkó, mo dojú rẹ̀ sókè, mò ń wò ó láti igun ojú bí ẹni tí kò bìkítà. Ó dún lẹ́ẹ̀mẹta ọjọ́ náà; ẹ̀gbọ́n mi, ọlọ́kadà kan, àti ẹni tó ṣi nọ́ńbà pè.

Ní Ọjọ́rú, mo gbé e lọ sọ́dọ̀ àgbà ọkùnrin kan ní Aládé tó ń tún fóònù ṣe. Rédíò ló fi bẹ̀rẹ̀, irun rẹ̀ ti funfun lórí wáyà. Ó wò ó, ó gbé e padà fún mi.

"Àwòrán ò sí nínú fóònù yín rí, Ìyá. Fèrèsé ni wọ́n fún yín. Èkó ni yàrá wà. Wọ́n ti ti fèrèsé."

"Ẹ já a."

"Bí mo bá já a, ògiri ló wà lẹ́yìn rẹ̀." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Láyé ọjọ́sí, bí mo bá ṣí ẹ̀yìn rédíò, wọ́n á ti lẹ àwòrán gbogbo ìfun rẹ̀ mọ́ inú ìdérí. Ẹni tó ṣe é fẹ́ kí n mọ̀ ọ́n tún ṣe. Nísinsìnyí, wọ́n á fi àtè lẹ̀ ẹ́ pa, bí mo bá fọwọ́ kàn án, wọ́n ní mo jalè."

Ó wá sọ fún mi pé irú áàpù bẹ́ẹ̀ kan wà tó jẹ́ ọ̀fẹ́. Àwọn tó ṣe é tú gbogbo inú rẹ̀ síta fún ayé rí, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n lè tún un ṣe, mo lè fún gbogbo Atosin, àwòrán tí mo bá yà á sì jókòó sínú fóònù mi bí ẹyin sábẹ́ adìẹ.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá?"

"Ẹ ò bi mí. Ẹni tó so táì lẹ gbọ́ tiẹ̀."

Òótọ́ ni. Bó bá sì sọ fún mi, n ò ní gbà. Ohun tí wọ́n bá ń fúnni lọ́fẹ̀ẹ́ lọ́jà, ó ti jẹrà nísàlẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nìyẹn, òun ló sì bù mí jẹ.

Ọjọ́bọ̀, wọn ò pè. Ìyá dé, ó béèrè, mo ní wọ́n ń bọ̀ wá bẹ̀ mí. Ní ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí mo kírun tán, ara mi ò gbà á mọ́, mo pè wọ́n. Ohùn ọkùnrin ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó ní ọ̀rọ̀ mi ti kúrò lọ́dọ̀ àwọn. Kí n san márùndínláàádọ́rùn-ún, wọ́n á sì fi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́wàá yẹ̀ ẹ́ wò. Mo ní n ó san ọgọ́rùn-ún, kí wọ́n ṣí i lónìí.

"Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́, Mà."

Ọjọ́ kìíní láyé mi nìyẹn tí mo fi owó kún ọjà tí ẹnikẹ́ni ò bá mi dù, tí ẹni tó ń tà á sì kọ̀. Mo san márùndínláàádọ́rùn-ún náà nílé ìfowópamọ́ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ní Sátidé, mo fi ìborùn bora, mo lọ jẹ́rìí ní ilé ẹbí. Mo sọ gbogbo bí baba ṣe fo odò kọjá, bó ṣe fọwọ́ kan pèrègún. Ọbàkan rẹ̀ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, lẹ́yìn náà ló dìde, ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà.

"Ẹ̀yin bàbá mi, ta ló ń jẹ́rìí yìí? Ṣé ẹni tí ìwọ̀n rẹ̀ á kọ́kọ́ jẹ kílò méjì kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka tiwa? Òun ló wá bá wa wọn ilẹ̀?"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà ìbá rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ náà dáa, ó sì ní òótọ́ díẹ̀ nínú.

"Àwòrán dà?" ni àgbà tó dàgbà jù béèrè.

"Ó wà l'Ékòó, bàbá."

"Ta ló gbé e lọ síbẹ̀?"

"Èmi ni."

"Lọ gbà á wá."

"Wọ́n ní tàwọn ni."

Ó wò mí. "Oko wa?" Wọ́n fún ìyá ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó fi mú un wá.

Ó ṣí. Ọjọ́ kẹwàá gẹ́lẹ́ ló ṣí, àwọn ará Èkó ò purọ́. Èmi àti ìyá jọ lọ sílé ẹbí, àwọn àgbà pagbo yí fóònù ká, mo tẹ orúkọ baba. Oko náà jáde ní àwọ̀ ewé. Etí odò ló pin sí. Òkè róbótó yẹn ti lọ, bí ìgbà tí wọ́n fi ọ̀bẹ gé e.

Mo pa á, mo tún un ṣí. Odò.

Mo pe Èkó níbẹ̀ níṣojú gbogbo wọn. Ọmọbìnrin olóhùn tútù ló gbé e. Ó ní òǹra-kòkó mìíràn ti tún oko náà rìn ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹni tó ni oko ló mú un rìn. Ẹni tó ni oko! "Èyí tó tuntun jù ni kọ́ńpútà máa ń gbé síta, Mọ́mì. Ti tẹ́lẹ̀ ti kúrò."

"Ṣé ẹ̀yin àgbà lẹ ní bí ẹ bá ti rí i, ọ̀rọ̀ tán?" ni ọbàkan baba béèrè, jẹ́jẹ́ ló sì béèrè rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀rí tí mo fi owó mi ṣí ló lé ìyá kúrò lórí ilẹ̀ ìdí àpáta. Ọ̀rẹ́ mi ti Atosin wá bá mi sunkún, ó ní òun á san ìlàjì owó ìtanràn. Mo lé e jáde, mo tún pè é padà, a jọ jókòó. Kì í ṣe yíyá tí mo yá a ló ń dùn mí. Bó bá wá lọ́la, màá tún yá a. Ọjọ́ mẹ́ta tí mo fi ń dúró de fóònù lórí àpò kòkó ló ń jẹ mí lọ́kàn.

Ìyá ṣì ń gbé kòkó oko tó kù wá fún mi. Kò bá mi jà rí. Ìbá kúkú bá mi jà. Nígbà tó wá kẹ́yìn, ó jókòó lórí àpótí, ó ń wo ìwọ̀n.

"Ọbàkan wọn ti ta ilẹ̀ náà," ló wí. "Ará Àkúrẹ́ kan tó fẹ́ máa fọ́ òkúta níbẹ̀ ló rà á. Wọ́n ti gé gbogbo kòkó náà."

Ẹnu mi ò mọ ìgbà tó ṣí. "Èló?"

Ó gbójú sókè wò mí. "Mo mọ̀ pé wàá béèrè," ló wí. "Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgbọ̀n-lé-nírínwó náírà."